Ọmọlangidi Oníṣeré ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ère tí kì í mira ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ àwọn agbẹ́gilére Yorùbá: ère ìbejì, òpó ààfin àti irú wọn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe èyí tí ń la ẹnu, tí ń na apá, tí ń jà.

Ní ọdún 1826, òyìnbó arìnrìn-àjò kan, Hugh Clapperton, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn eégún apidán sì ṣeré níwájú rẹ̀. Láti inú àpò ni òjòlá kan ti yọrí. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 14, aṣọ tí a kùn lọ́dà ni ara rẹ̀, ó sì ń la ẹnu, ó ń pa á dé, bí ẹni pé ejò gan-an ni. Lẹ́yìn èyí ni òyìnbó kan jáde: ó funfun, ó rù hangogo, òtútù ń mú un, ó ń fín aṣáà, ó sì ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Àwọn òǹwòran ń ké sí àlejò náà pé kí ó wò ó dáadáa! Clapperton kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹni tí ó sín àwọn òyìnbó jẹ mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní Ọ̀yọ́, inú aṣọ ni ènìyàn wà. Ní Kétu, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, àti láàrin àwọn ará Yewa, ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n dá. Lórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí oníjó gbé karí, wọn a máa to àwọn ọmọlangidi kéékèèké, okùn wọn a sì gba abẹ́ aṣọ wá sí ọwọ́ oníjó. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ: ẹsẹ̀ ń tẹ̀lé ìlù, ọwọ́ ń fa okùn. Àwọn ìyá ni a ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹ́ sí, àjọ UNESCO sì polongo rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àrà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Okùn yìí ni gbogbo àṣírí, páálí sì tó láti fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Kí wọ́n gé orí pọ̀ mọ́ ara, kí wọ́n gé apá méjèèjì lọ́tọ̀. Kí wọ́n lu ihò sí èjìká, kí wọ́n fi òwú so apá mọ́ ara, kí ó lè máa yí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni okùn fífà. Kì í ṣe ọwọ́ ọmọlangidi ni a ń so ó mọ́, bí kò ṣe ìdí apá tí ó yọ sínú kọjá ihò èjìká. A ó so ìdí apá méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn, a ó sì jẹ́ kí okùn kan sọ̀ kalẹ̀ láti àárín wọn. Bí a bá fà á wálẹ̀, ọwọ́ méjèèjì yóò lọ sókè. Bí wọn kò bá padà sílẹ̀, òwú èjìká ni ó le jù. Kí a dẹ̀ ẹ́ díẹ̀.