Ta Ni Onílé, Ta Ni Àlejò?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wọ dánfó láti Ajah, kẹ́ ẹ kọjá VGC: ilé ńláńlá àti ṣọ́ọ̀bù lẹ máa rí. Ṣùgbọ́n irà àti igbó ló pọ̀ jù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Yanrìn la dà sí i ká tó kọ́lé.

Ní 1980, Olóyè S. L. Edu dá Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀. Ní 1990, àjọ náà dá Lekki Conservation Centre sílẹ̀, tí kò jìnnà sí VGC. Héktà 78 péré ni. Ibẹ̀ ni ọ̀nì, ejò àti ọ̀bọ mona ti rí ibi forí pamọ́ sí.

Ẹ wo ọ̀bọ yìí dáadáa. Àpò wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀: á yára kó èso sí i, á gun igi lọ jẹ ẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àìmọye ìran ló fi di bẹ́ẹ̀, torí èyí tó tètè kó oúnjẹ pamọ́ ló ń yè, tó ń bímọ. Àwa ò lò tó ìran méjì tá a fi gba igbó lọ́wọ́ ẹ̀.

Bí ọ̀bọ bá fo fẹ́ǹsì wọlé lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ lókò. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ta ló kọ́kọ́ débẹ̀?