Àwọ̀ Pípọ́n Kò Tó Ẹ̀rí: Omi Ewé àti Èérún Fàdákà

Ní ọdún 2004, Shankar, Sastry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìlú Pune, ní Íńdíà, fi omi ewé dóńgóyárò ṣe èérún fàdákà àti ti wúrà tí ojú lásán kò lè rí. Láti ìgbà náà, ó kù díẹ̀ kí ewé tí a kò tíì sè tán nílẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún kò le lójú: a ó se ewé, a ó sẹ́ omi rẹ̀, a ó sì da díẹ̀ sínú silver nitrate (iyọ̀ fàdákà) tó ti yòrò. Omi tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rúsúrúsú. Bí ẹ̀rọ bá tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín nǹkan bí 400 sí 450 náńómítà ni yóò gbé mì jù.

Àwọn èròjà inú ewé ló fún fàdákà ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ṣaláìní. Àwọn náà ló tún bo èérún lára kí ó má baà ṣùpọ̀. Bí kì í bá ṣe tiwọn ni, kẹ́míkà olóró bíi sodium borohydride ni à bá lò.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń yin ọ̀nà ewé yìí, àmọ́ èmi gbà pé ìyìn wa ti yá jù. Silver nitrate kì í so lórí igi: fàdákà tí wọ́n wà jáde láti inú ilẹ̀ ni, ásíìdì ni wọ́n sì fi yọ́ ọ. Èyí tí kò bá di èérún ṣì wà nínú omi náà, òun fúnra rẹ̀ a sì máa pa bakitéríà. Ẹni tó bá ní èérún òun pa kòkòrò, tí kò fọ èérún náà, tí kò sì dán silver nitrate nìkan àti omi ewé nìkan wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tíì fi ohun tó pa á hàn wá. (Irú ìwé ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́n.)

Ewé fúnra rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Dóńgóyárò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ti ìgbà òjò lè yàtọ̀ nínú èròjà, ìtóbi èérún á sì yàtọ̀.

Iṣẹ́ Agbaje Lateef àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, ló wù mí jù ní ti ohun èlò. Èèpo gbànja àti èèpo kòkó wà lára ohun tí wọ́n lò. Ta ni yóò bá wọn du èyí? Èèpo kòkó tó bá ń jẹrà lóko, ibùba ló jẹ́ fún àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú.

Kí olùwádìí tó ń bọ̀ fi ewé tuntun sílẹ̀ ná. Kí ó sọ oṣù tó já èyí tó lò, ìdá fàdákà tó di èérún, àti ibi tó da omi tó ṣẹ́kù sí.