Ìwé Àtìgbàdégbà Àwọn Olólùfẹ́ Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí Fún Òpìtàn

1. Ìfáárà

Kò sí òpìtàn Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó lè fọwọ́ rọ́ ìwé àwọn tí ìtàn kíkọ kì í ṣe iṣẹ́ wọn sẹ́yìn. Àlùfáà ìjọ ni Samuel Johnson nígbà tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1897. Olùkọ́ ni N. D. Oyèrìndé tí ó kọ Ìwé Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó jáde ní 1934. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ojú kan náà ni ó yẹ kí a fi wo ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn olólùfẹ́ kọ̀ǹpútà inú ilé ń ṣe fúnra wọn.

2. Ìbẹ̀rẹ̀ wọn

Ní oṣù kẹta ọdún 1975, àwọn olólùfẹ́ ẹ̀rọ péjọ ní Menlo Park, ní California, wọ́n sì dá Homebrew Computer Club sílẹ̀. Ní oṣù náà gan-an ni ìwé-ìròyìn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ra kọ̀ǹpútà Altair nígbà náà ni ó ní láti tò ó fúnra wọn. Ẹni tí ó bá rí ojútùú ìṣòro kan a kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè rí i lò.

3. Nígbà tí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ kò sí mọ́

Ibi tí kókó ọ̀rọ̀ wa wà nìyí. Ní 1984 ni Sinclair gbé kọ̀ǹpútà QL jáde ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1986, Amstrad ra iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Sinclair ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn, kò sì ṣe QL mọ́. Ìwé-ìròyìn ọlọ́jà tí ó wà fún un, Sinclair QL World, kógbá sílé ní 1994. Síbẹ̀, àwọn tí ń lo ẹ̀rọ náà dá QL Today sílẹ̀ ní 1996, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ títí di 2013. Ọwọ́ àwọn tí ń lò ó ni ìmọ̀ ẹ̀rọ náà kù sí.

A kò sọ pé ẹ̀rí wọn kò lábùkù. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn onímọ̀ ti sọ pé Johnson gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́; olólùfẹ́ kọ̀ǹpútà náà yóò gbè sẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀. Iṣẹ́ òpìtàn ni láti fi ẹ̀rí kan wé òmíràn. Kì í ṣe láti da ẹ̀rí nù.

4. Àgbálọgbábọ̀

Ìwé àfọwọ́kọ tí Johnson fi ránṣẹ́ sí Ìlú Gẹ̀ẹ́sì sọnù. Ó kú ní 1901. Ohun tí ó kù sílé nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, Obadiah, fi tún ìwé náà kọ, tí ó fi jáde ní 1921. Bí a bá da irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nù, kí ni a ó fi tún ìtàn kọ? Nítorí náà, a dábàá pé kí àwọn ilé-ìkàwé wa ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ máa tọ́jú ìwé pẹlẹbẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ fi fọtokọ́pì ṣe lórí kọ̀ǹpútà, kí ó tó di ìwé tí a fi ń pọ́n àkàrà.