Irin Tí Ó Wà Nínú Ẹ̀jẹ̀ Wa

Bí a bá dárúkọ irin, kí ni ó ń wá sí yín lọ́kàn? Ọkọ́ ni, tàbí àdá, tàbí ojú irin tí ọkọ̀ ń gbà láti Àjàṣẹ́ wá sí Sákẹ́tẹ́ dé Pọ́bẹ̀ láyé àwọn Faransé. Ṣùgbọ́n irin mìíràn wà tí ojú kò rí. Inú ẹ̀jẹ̀ wa ni ó wà. Bí kò bá tó, ọmọ kò lè sáré, àgbẹ̀ kò sì lè kọ ebè pẹ́. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí.

Ilẹ̀ wa mọ irin tipẹ́. Ní Taruga, ní àárín Nàìjíríà, wọ́n ti ń yọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 500 kí a tó bí Jésù. Ní ilẹ̀ Bassar ní Tógò, iná ìléru kò kú títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900. Ní 1904, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Bellamy kọ̀wé nípa ìléru irin tí ó rí lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Inú iná ni gbogbo wọn ti mọ irin. Ta ni ó wá rí i nínú ẹ̀jẹ̀?

Ní nǹkan bí ọdún 1680, Thomas Sydenham, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń tọ́jú àwọn ọmọbìnrin tí ojú wọn ṣì, tí wọn kò lókun. Ó ń fún wọn ní irin lílọ̀ tàbí ọtí tí a rẹ irin sí. Ara wọn ń le, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀ dájú. Ní nǹkan bí ọdún 1745, Vincenzo Menghini ní Bologna, ní ilẹ̀ Ítálì, sun ẹ̀jẹ̀ títí ó fi di eérú. Ó mú òòfà sún mọ́ eérú náà, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Irin ni òòfà ń fà. Ní 1832, Pierre Blaud, dókítà ará Faransé, ṣe hóró oògùn irin fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó.

Báwo ni irin yìí ti pọ̀ tó? Gíráàmù 3 sí 4 péré ni ó wà lára àgbàlagbà, bí ìwọ̀n ìṣó kékeré kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di atẹ́gùn tí a mí símú mú, kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé e dé inú iṣan. Bí irin bá dín, atẹ́gùn kò ní dé ibi iṣẹ́ bó ti yẹ. Eléré yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkìkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wúwo. Àwa yóò ní ọ̀lẹ ni.

Ibo ni irin náà ń lọ? Láti 1872 dé 1882, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ihò ọkọ̀ ojú irin gba abẹ́ òkè Gotthard ní ilẹ̀ Switzerland. Ọ̀pọ̀ wọn rù, ojú wọn sì ṣì. Ní 1880, Edoardo Perroncito fihàn pé aràn tí ń fa ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun ni ó ń pa wọ́n. Lẹ́yìn náà, ní Íjíbítì, Looss rí i pé awọ ara ni ọmọ aràn náà ń gbà wọlé, láti inú ẹrẹ̀ tí ènìyàn ti yàgbẹ́ sí. Ẹ̀yin tí ń fi ẹsẹ̀ lásán lọ sóko, tàbí tí ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà, ọ̀rọ̀ yín ni èyí.

Eré fúnra rẹ̀ náà ń jẹ irin. Ní 1881, Fleischer ní Jámánì kọ̀wé nípa ọmọ ogun kan tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n dúdú lẹ́yìn ìrìn gígùn. Ẹsẹ̀ tí ń lu ilẹ̀ ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa. Bẹ́ẹ̀ ni òógùn ń mú díẹ̀ lọ, nǹkan oṣù àwọn ọmọbìnrin sì ń mú púpọ̀ lọ. Ibà náà ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

Ní 1968, wọ́n sáré ìje àgbáyé ní ìlú Mẹ́síkò, tí ó ga ju mítà 2,200 lọ, níbi tí atẹ́gùn ti fẹ́lẹ́. Kipchoge Keino ará Kẹ́ńyà, ọmọ ilẹ̀ òkè, ni ó gba ipò kìíní nínú eré mítà 1,500. Ara ẹni tí ń gbé orí òkè máa ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n irin ni ara fi ń ṣe é; bí irin kò bá sí, òkè kò lè ṣeni lóore.

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ìwádìí ìjọba ti 2017 sí 2018 fihàn pé ẹ̀jẹ̀ kò tó lára ju ìdajì àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ kékeré lọ. Kí ni kí a ṣe? Ẹ jẹ ẹ̀dọ̀, ẹran àti ẹja bí agbára bá ti mọ. Ẹ jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kí ẹ sì mu ọsàn tẹ̀ lé e, nítorí irin inú ewé kì í tètè wọ ara. Ẹ má mu tíì tàbí kọfí mọ́ oúnjẹ. Ẹ wọ bàtà, ẹ gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Ẹ̀yin aláboyún, ẹ lo hóró oògùn irin tí wọ́n bá fún yín ní ilé ìgbẹ̀bí. Ṣùgbọ́n ẹ má rà á lò fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, nítorí àpọ̀jù irin ń ba ara jẹ́. Ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé: bí ó bá gbé púpọ̀ mì, ó lè pa á.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, bí ọmọbìnrin kan bá ń kẹ́yìn nínú eré lójoojúmọ́, kí ẹ tó pè é ní ọ̀lẹ, ẹ wo inú ìpéǹpéjú rẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá funfun, ilé ìwòsàn ni kí ẹ mú un lọ. Kì í ṣe ẹgba ni ó nílò. Irin ni.