Bí Ilẹ̀ Ẹ̀gbá Ṣe Dórí Tákàdá

Abẹ́òkúta yóò pé igba ọdún ní 2030. A ó gbọ́ orúkọ Ṣódẹkẹ́, aṣáájú tó kó Ẹ̀gbá dé ibẹ̀, títí etí yóò fi kún, a ó gbọ́ ti àpáta Olúmọ àti ti ogun Dàhòmì, Lísàbí, akọni Ẹ̀gbá, náà kò sì ní í gbẹ́yìn. Ohun tí ẹnu kì í sábà kàn níbi irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀: ta ló gba ibo, ta ló dáko lọ́dọ̀ ta, ibo sì ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ní 1830, wọn kò kọ ọ́ síbì kankan. Ẹni ogun lé kúrò nínú igbó Ẹ̀gbá ni àwọn tó forí pamọ́ sábẹ́ Olúmọ. Ẹ̀gbá Aké, Òkè-Ọnà àti Gbágùrá ló ṣáájú, Òwu bá wọn níbẹ̀ ní 1834. Ìlú kọ̀ọ̀kan kó orúkọ rẹ̀ wá, ó sì tẹ̀dó sí àdúgbò tirẹ̀ bí ẹni pé ogun kò tú u rí: Ìgbẹ̀ìn, Ìtokò, Ìjẹmọ̀, Kémta. Ọ̀rọ̀ oko ló le díẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣán igbó, tó sun ún, tó sì dáko síbẹ̀, òun ló ni ín. Tó bá kú, ó di ti àwọn ọmọ. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn yóò lọ tọrọ. Ìlú Ìbarà sì ti wà nítòsí kí Ẹ̀gbá tó dé. Ẹ̀gbá ń sọ bí wọ́n ṣe pàdé, Ìbarà náà ń sọ tiwọn, kálukú sì di tirẹ̀ mú títí dòní.

Pèrègún ni wọ́n ń gbìn sí ààlà, ó sì nídìí. Bí o gé e, yóò tún rú. Ọ̀dá kì í tètè pa á. Bó bá sì tò lọ gbọọrọ lójú ìlà kan, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ó ṣèèṣì hù síbẹ̀ ni. Èyí ni ti ààlà. Ní ti àlejò tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìkórè, yóò di iṣu mélòó kan, yóò bu àgbàdo, bóyá kó fi obì tàbí ẹmu kún un, yóò sì gbé e lọ sílé olórí ẹbí. Iṣu yẹn kò tó nǹkan lọ́jà. Ẹni tó bá pè é ní owó ilẹ̀ kò rí ìdí rẹ̀, nítorí ẹ̀rí ni. Bó bá ń gbé e wá lọ́dọọdún lójú gbogbo ẹbí, ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Bó bá wá sẹ́ onílẹ̀, tó ní òun kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ilẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kóòtù tí òyìnbó gbé dé pàápàá sì gba èyí wọlé. Ìdí kan náà ni kò fi gbọdọ̀ gbin kòkó tàbí obì láìgbàṣẹ. Àgbàdo yóò kúrò nílẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, àmọ́ igi kòkó yóò máa jẹ́rìí fún ẹni tó gbìn ín títí dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọmọ.

Níbòmíràn, orí ìwé ni wọ́n ti ń mọ onílẹ̀ àti ẹni tó ń dáko lọ́dọ̀ rẹ̀, bí àpẹẹrẹ ní Ireland. Láàárín 1755 sí 1760, John Rocque, ayàwòrán ilẹ̀, wọn ilẹ̀ Earl ti Kildare, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́lá ńlá orílẹ̀-èdè náà, ó sì yà á sórí ìwé. Onílẹ̀ ló sanwó iṣẹ́ náà, torí ó fẹ́ mọ ohun tó ní àti iye tó lè máa pa wọlé lórí rẹ̀. Ìwé owó-ilẹ̀ àwọn ọlọ́lá bẹ́ẹ̀ ni orúkọ àgbẹ̀ Ireland wà, àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ tó ń gbé Amẹ́ríkà lónìí sì lè wá a rí níbẹ̀. Èmi kì í fi èyí bú tiwa o. Ìwé yẹn náà ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ ẹni tí wọn yóò lé kúrò lórí ilẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá 1859, tákàdá kan dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá tó dá awuyewuye sílẹ̀. Martin Delany láti Amẹ́ríkà àti Robert Campbell, ọmọ Jamaica, ń wá ibi tí àwọn èèyàn dúdú òkè òkun lè padà sí. Aláké Òkúkẹnù àtàwọn ìjòyè, tí Ṣómóyè àti Ògúnbọ̀nà wà lára wọn, fara mọ́ àdéhùn pé kí wọ́n wá bá Ẹ̀gbá gbé lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà. Samuel Crowther kékeré ṣe ẹlẹ́rìí. Kò pẹ́ tí àwọn ìjòyè fi ní àwọn kò fún ẹnikẹ́ni nílẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ lọ́rùn sì wà lẹ́yìn wọn. Àwọn tí wọ́n ń retí kò dé mọ́. Lójú tèmi, ó ṣòro láti pe ẹnikẹ́ni nínú wọn ní òpùrọ́. Ẹni tó bá ní kó o wá bá òun gbé nílẹ̀ Ẹ̀gbá fún ọ láyè láti dáko ni. Kò fún ọ ní ohun tó o lè tà.

Nígbà tí Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá bẹ̀rẹ̀ ní 1898, wọ́n ti gbọ́n sí tákàdá. Ìjọba náà ní kóòtù, ilé ìṣúra àti ìwé ìròyìn tirẹ̀. Adégbóyèga Ẹdun, tó ń jẹ́ Jacob Henryson Samuel tẹ́lẹ̀, ni akọ̀wé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí rélùwéè dé, ṣe ni wọ́n yá ìjọba Èkó ní ilẹ̀ tí ojú irin gbà, wọn kò tà á. Òmìnira tí Ẹ̀gbá ní lábẹ́ ìjọba yìí parí ní 1914, lẹ́yìn tí àwọn sójà ìjọba òyìnbó pa èèyàn ní Ìjẹmọ̀. Àwọn ìwé ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá wà lónìí ní ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀. Àwọn mìíràn náà kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀: Ward Price, òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó, ní 1933, Akin Mabogunje ní 1961, Lloyd ní 1962.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1978 ni Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde. Ọmọ Òwu ni Ọbásanjọ́, olórí ìjọba ológun nígbà náà, tó fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà, gómìnà ló di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún gbogbo ará ìlú, Òkè-Mósàn, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, sì lẹni tó ń wá C of O, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀, ń lọ. Ọ̀pọ̀ àlejò rò pé ìgbà ti dé: ilẹ̀ ti di ti ìjọba, kí ló tún kù tí à ń gbé iṣu lọ fún onílẹ̀ sí? Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fèsì ní 1991, nínú ẹjọ́ Abíóyè àti Yakubu, pé òfin náà kò sọ àlejò di onílẹ̀.

Ẹ wo pláànù ilẹ̀ kan tí wọ́n yà láìpẹ́. Ìlà pupa yí ilẹ̀ ká, nọ́ńbà òpó sìmẹ́ńtì wà ní igun kọ̀ọ̀kan, ọfà ń tọ́ka sí àríwá, èdìdì ẹni tó wọn ilẹ̀ wà nísàlẹ̀. Orúkọ ẹni tó rà á wà lókè gàdàgbà. Ti àgbẹ̀ tó ti ń ro ó láti ayé bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ibi tí mo mọ̀ pé a ti lè rí i ni ìwé ẹjọ́, nítorí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, pé ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ wà lára ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Bàbá àgbàlagbà yóò wá dúró níwájú adájọ́, yóò ka ẹni tó kọ́kọ́ ṣán igbó náà, ẹni tó gbà láyè, ọmọ ẹni náà àti ọmọ ọmọ rẹ̀, àti iye iṣu tí kálukú wọn ń gbé wá, adájọ́ yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.