Gẹ̀ẹ́sì Ẹnu Iṣẹ́ àti Ọ̀nà Tí Ó Gbà Dé Ọ̀dọ̀ Wa

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò jìnnà sí wa rárá; ẹnu wa ni ó wà lójoojúmọ́. Bí ènìyàn bá wọ báńkì lọ gba owó, bí akọ̀wé bá ń dá ọ̀gá rẹ̀ lóhùn, bí oníṣòwò bá ń bá àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá dúnàá-dúrà, Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí wọ́n ń sọ. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ìtàn, kì í sì í ṣe ti ewì. Gẹ̀ẹ́sì ẹnu iṣẹ́ ni. Mo fẹ́ kí a jọ wo ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa, àti ohun tí ó ná àwọn baba wa ní ọjọ́ tí wọn kò gbọ́ ọ yé. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wẹ̀yìn wò. Ẹ jẹ́ kí a wẹ̀yìn wò.

Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú Òṣogùn. Lára àwọn tí a kó lẹ́rú ni ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì tà á fún àwọn Potogí níbẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Myrmidon dá ọkọ̀ ẹrú náà dúró, ó gba àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró.

Ní Sàró, oríṣiríṣi ẹ̀yà ni ó pàdé, olúkúlùkù pẹ̀lú èdè tirẹ̀. Kí ọmọ Yorùbá tó lè ra ẹja lọ́wọ́ ọmọ Íbò, kí ọ̀gá oníṣẹ́ tó lè ní kí ọmọ iṣẹ́ gbé pákó wá, wọ́n ní láti ní èdè kan tí gbogbo wọn jọ gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè náà: Gẹ̀ẹ́sì ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì àdàlù ní ọjà. Àjàyí kọ́ ìwé, ó sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. Nítorí náà ọ̀nà méjì ni èdè yìí gbà wọ inú rẹ̀, ojú ìwé àti ìdí iṣẹ́. Òun ni ẹni tí a mọ̀ lẹ́yìn náà sí Samuel Ajayi Crowther, tí ó tẹ ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843, tí wọ́n sì fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864.

Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Sàró ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sílé, sí Àgbádárìgì, sí Èkó àti sí Abẹ́òkúta. Wọ́n mú Gẹ̀ẹ́sì bọ̀. Àwọn ni wọ́n di oníṣòwò, akọ̀wé, olùkọ́ àti ògbufọ̀. Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo ipò ògbufọ̀ nígbà náà. Òyìnbó kò gbọ́ Yorùbá, ọba kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ògbufọ̀ bá sọ ni àwọn méjèèjì gbọ́. Bí ó bá yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, tàbí tí ó fi ọ̀kan kún un, ta ni yóò mọ̀?

Èyí ni ó mú wa dé ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba Èkó. Aṣojú wọn nígbà náà ni McCoskry, ẹni tí àwọn ará Èkó sọ ní Apọ́ngbọ̀n nítorí irùngbọ̀n rẹ̀ tí ó pupa. Orúkọ náà ṣì wà lára àdúgbò kan ní Èkó. Ọkọ̀ ogun Prometheus wà nítòsí pẹ̀lú ìbọn ńlá rẹ̀. Wọ́n gbé ìwé àdéhùn kan tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ wá síwájú Ọba Dòsùnmú. Ìwé náà sọ pé ọba fi erékùṣù Èkó àti gbogbo ẹ̀tọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ fún Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Dòsùnmú kò mọ̀ ọ́n kọ. Àmì ni ó fi sí i. Kò pẹ́ tí òun àti àwọn ìjòyè rẹ̀ fi figbe ta pé èyí kò tẹ́ àwọn lọ́rùn.

Ẹ̀rù ìbọn wà níbẹ̀, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn èdè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Èkó, ọba ni ó ni ìlú, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ, àwọn onífìlà funfun, ni ó ni ilẹ̀, wọ́n sì di ilẹ̀ náà mú fún ẹbí àti ará wọn. Nínú èdè wa, ènìyàn méjì lè ní ohun kan náà, olúkúlùkù ní ọ̀nà tirẹ̀, ìjà kò sì ní í dé. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àwọn amòfin, bí o bá ti fún ni tán, o ti fún ni tán. Báwo ni ọba yóò ṣe fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan fún ẹlòmíràn?

Lẹ́yìn èyí, Gẹ̀ẹ́sì di èdè oúnjẹ òòjọ́. Ní ọdún 1859, kí wọ́n tó gba Èkó pàápàá, ni Thomas Babington Macaulay ti dá ilé-ìwé Grammar School ti CMS sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ Abigail, ọmọ Crowther, ni. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 sì fi owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba ti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn, kò fi ti Yorùbá. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà tí ó mọ̀ ọ́n kọ di kíláàkì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gba ojú ìwé wọlé. Ní ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó. Ní ọdún 1901 wọ́n ṣí i títí dé Ìbàdàn. Àgbẹ̀ tí ó fi ọkọ́ sílẹ̀ láti wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò rí gírámà kankan kà. Etí ni ó fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó gbọ́, ó sọ ọ́ di Yorùbá: rélùwéè, téṣàn, tíkẹ́ẹ̀tì, gáàdì, dírẹ́bà, bíríkìlà, fáìlì, rìsíìtì. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dáadáa: ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni gbogbo wọn. Ìdí iṣẹ́ ni wọ́n ti bá wa wọlé.

Ní ọdún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà bí ó ti yẹ. Ilé-ẹjọ́ níhìn-ín sọ pé alábòójútó lásán ni ó jẹ́, kì í ṣe onílẹ̀. Olóyè náà kò gbà. Ní ọdún 1920 ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rẹ̀. Ọmọ Thomas Macaulay ni Herbert yìí, ọmọ-ọmọ Crowther, awọnlẹ̀ tí ó gbọ́ èdè méjèèjì dé ìsàlẹ̀.

Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fún wa nígbà náà, dá ẹjọ́ náà. Wọ́n ní ìwé ọdún 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Kí ìjọba san owó bí ẹni tí ó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ gan-an. Adájọ́ Haldane tilẹ̀ kìlọ̀ pé ènìyàn lè máa fi ọ̀rọ̀ òfin Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ẹ̀tọ́ ilẹ̀ wa láìfura, kí ó sì ṣì í túmọ̀. Ọgọ́ta ọdún ni ó wà láàárín àmì tí Dòsùnmú fi sí ìwé àti ìdájọ́ yìí. Ẹni kan ni ó jókòó tí ó béèrè pé, “Kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí?” tí kò sì dìde títí wọ́n fi dá a lóhùn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìdí iṣẹ́ tiwa. Láti ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti gba ojú ìwé dé ìdí Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀ Yorùbá kò kúrò nínú Gẹ̀ẹ́sì ẹnu wa. Bí a bá fẹ́ jáde díẹ̀ kí a tún padà, a ó ní “I am coming”, nítorí “mò ń bọ̀” ni ó wà lọ́kàn wa. Òyìnbó tí ó gbọ́ ọ yóò máa wo ẹnu ọ̀nà, yóò sì rí i pé ẹ̀yìn ni a kọ sí òun. Bí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ kọ, a ó ní “Sorry”, nítorí pẹ̀lẹ́ ni a ń kí i. Ẹlòmíràn lè rò pé àwa ni a gbé òkúta sọ́nà.

Èyí tí ó léwu jù ni “Yes”. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tísà, ọ̀gá mi bi mí léèrè pé, “You have not sent the register?” Èmi náà fèsì pé, “Yes, sir.” Ohun tí mo ní lọ́kàn ni “bẹ́ẹ̀ ni, sà, n kò tíì fi ránṣẹ́.” Ohun tí ọ̀gá gbọ́ ni pé mo ti fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì ó bá ìwé náà lórí tábìlì mi, ó sì pè mí ní òpùrọ́ lójú àwọn ọmọ kíláàsì. N kò purọ́. Yorùbá ni mo fi dáhùn Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá fi “not” bi yín léèrè, tí ẹ kò sì tíì ṣe é, “No” ni ìdáhùn. Èyí tí ó dára jù ni kí ẹ sọ ọ́ tán: “No, sir, I have not sent it.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mú gbólóhùn mẹ́ta lọ sílé. Bí ẹ kò bá gbọ́: “Please say it again.” Bí ẹ bá gbọ́ tí kò yé yín: “What do you mean by that?” Bí ẹ bá rò pé ó yé yín: “Let me repeat it”, kí ẹ sì tún un sọ kí ẹ tó gbà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Olóyè Olúwa la òkun kọjá nítorí ìbéèrè kejì yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ìwé wá fún bàbá tàbí ìyá yín pé kí wọ́n tẹ̀ka sí i, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ kà á fún wọn ní Yorùbá látòkè dé ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó na ọwọ́.

Abéèrè kì í ṣìnà. Ó dìgbà kan ná, ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Ire o.