Ọwọ́ tí ó ń wẹ aláìsàn: ìtàn iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní hospice

Olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní hospice, ìyẹn ètò ìtọ́jú fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti kọjá èyí tí oògùn lè wò sàn, ni ẹni tí ó ń wẹ aláìsàn, tí ó ń yí i padà lórí ibùsùn kí egbò má baà dá sí i lára, tí ó sì ń fi omi rẹ ẹnu rẹ̀ nígbà tí ó bá gbẹ. Iṣẹ́ yìí ló pẹ́ jù nínú gbogbo iṣẹ́ hospice, síbẹ̀ ó pẹ́ kí òfin tó kà á sí iṣẹ́ rárá.

Nígbà tí àwọn sísítà Kátólíìkì ti ilẹ̀ Ireland, àwọn Sisters of Charity, ṣí ilé ìtọ́jú kan fún àwọn tí ikú ti sún mọ́ ní Harold's Cross ní Dublin ní ọdún 1879, tí wọ́n sì ṣí St Joseph's sí Hackney ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1905, ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́ fún Ọlọ́run ni ó so wọ́n mọ́ iṣẹ́ náà, kì í ṣe owó oṣù.

Cicely Saunders, obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà ogun Hitler, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn dídùn lé e kúrò nídìí rẹ̀ (ẹ̀yìn dídùn bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń lé ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní). Ó di dókítà ní 1957, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní St Joseph's ní 1958, níbi tí ó ti mú kí wọ́n máa fún aláìsàn ní mọ́fíìnì, oògùn apàrora, ní wákàtí tó yẹ, láìdúró kí ìrora tún padà dé. Orí oògùn yìí ni àwọn òpìtàn sábà máa ń dúró sí, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe fún iṣẹ́ ọwọ́ kò kéré, nítorí ẹni tí ìrora dì mú kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun, áḿbọ̀sìbọ́sí kí wọ́n wẹ̀ ẹ́. Ní 1967 ni Saunders ṣí hospice tirẹ̀, St Christopher's, sí Sydenham ní Lọ́ńdọ̀nù.

Florence Wald, tí ó ti jẹ́ olórí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Yale ní Amẹ́ríkà, lọ wo iṣẹ́ ní St Christopher's, nígbà tí ó sì di 1974, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn nínú ilé àwọn aláìsàn náà fúnra wọn ní Connecticut. Láti ìgbà náà ni olùrànlọ́wọ́ ti di ẹni tí ó ń dá wọ ilé onílé. Ní 1982, ìjọba Amẹ́ríkà fi hospice sínú Medicare, ètò ìlera àwọn àgbàlagbà, fún ẹni tí dókítà bá rò pé kò ní lò ju oṣù mẹ́fà lọ láyé. Ìlànà rẹ̀ sì wá béèrè wákàtí 75 ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ olùrànlọ́wọ́, kí 16 ó kéré tán nínú rẹ̀ jẹ́ ìfọwọ́ṣe, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tí yóò máa lọ yẹ iṣẹ́ náà wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 14. Òfin sọ ọ́ di iṣẹ́ tí ó ní ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò tíì tó ìnira rẹ̀, ìdí kan sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n wá láti ilẹ̀ òkèèrè, tí àwọn ọmọ Yorùbá wà lára wọn, fi wà nídìí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò ti wà lára àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ irú ìtọ́jú yìí lélẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ìyàwó àti ọmọ aláìsàn ni ó ṣì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú wíwẹ̀ àti bíbọ́, láìgba owó, láìní ìwé ẹ̀rí.